Máòsì Oníná Kò Rìn Lórí Gíláàsì

Afeez, Àlàó ọmọ mi,

Àsàláàmù àlékùn o. Ṣé dáadáa lo wà ní Dọ̀pẹ̀mú, ṣé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà títúnṣe tí ò ń ṣe ní Òpèbí ń lọ déédéé? O ò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ara tèmi àti ti bàbá rẹ le, ewúrẹ́ wa sì ti bímọ.

Máòsì àkọ́kọ́ tó bá kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ wa wá, èyí tó gbé bọ́ọ̀lù sínú, gàrí kó sí i nínú, kò yí mọ́. Mo yọ bọ́ọ̀lù náà, mo fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́, mo wá fi àdí pa á lára bí ọmọ tuntun, torí ẹni tí a bá wẹ̀, ó yẹ kó para. Àṣé kò fẹ́ àdí, ńṣe ló ń yọ̀ tẹ̀rẹ́. Má bínú. Máòsì oníná pupa tí o fi ránṣẹ́ lẹ́yìn náà dára ní tirẹ̀, kò ní bọ́ọ̀lù tí gàrí máa há mọ́. Àmọ́ ojú rẹ̀ kì í padé, mo máa ń dojú rẹ̀ délẹ̀ kó má baà rí bàbá rẹ níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé rèé o. Wahab, àbúrò alága ẹgbẹ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ wa, fẹ́ gba ipò akọ̀wé lọ́wọ́ mi. Ó ní ayé ti di ayé kọ̀ǹpútà, kí obìnrin tó ń yan gàrí lọ jókòó ti ààrò rẹ̀. Inú bí mi débi pé n ò lè jẹun. Mo ní ó kéré! Àwọn àgbà wá ní ẹni tó bá fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé ìpè ìpàdé jáde níṣojú gbogbo wa ni yóò jókòó sípò.

Ọjọ́ Àìkú ni, nílé alága, lórí tábìlì onígíláàsì. Wahab ti nu àdí kúrò lára oníbọ́ọ̀lù, òun ló mú. Ó ń há, ó ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ó rìn, ìwé rẹ̀ sì jáde pẹ̀lú àṣìkọ méjì. Ó kàn mí. Mo gbé oníná kalẹ̀, mo ní Bìsìmílà, mo tì í, ọfà kékeré ojú kọ̀ǹpútà kò mira. Wahab bú sẹ́rìn-ín. Omijé dé ojú mi. Mo wá wo inú gíláàsì, mo rí iná pupa kejì tó ń wòkè: àṣé ó ti rí ojúgbà rẹ̀ níbẹ̀, ó dúró kí i! Ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n ìkíni náà ti pọ̀ jù.

Nílé, orí ẹní ni mo ti máa ń lò ó. Kò sí ẹní níbẹ̀, n ò sì ní gbà fún Wahab láéláé. Mo tú gèlè orí mi, mo tẹ́ ẹ sórí gíláàsì níṣojú gbogbo ọkùnrin ilé náà, irun funfun mi wà níta gbangba. Wọ́n ní háà! Iná náà kò rí ẹni tí yóò kí mọ́, ló bá ń sáré bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Ìwé mi jáde, kò ní àṣìkọ kankan.

Ni bàbá rẹ bá dìde láàárín àwọn ọkùnrin náà. Àyà mi já, torí o mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa obìnrin tó ṣí orí níta. Ńṣe ni wọ́n bọ́ fìlà orí wọn, wọ́n fi dé mi, wọ́n ní kí akọ̀wé jókòó.

Àlàó, jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sínú fóònù, kí o sì dì í dáadáa kó má ṣubú lọ́nà. Fi owó fìlà tuntun kan kún un fún bàbá rẹ. Wọ́n ti béèrè tiwọn lọ́wọ́ mi, n ò sì ní dá a padà. Ọlọ́run yóò gbé ọ ga, ọmọ rẹ náà yóò tọ́jú rẹ, àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Simbiat, akọ̀wé ẹgbẹ́.