Ohùn Yín Ni Mo Fi Gba Àyè Ìrìn Àjò

Àǹtí mi àtàtà,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Orúnkún màmá ti ń fúyẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá tún ti bàjẹ́, gbogbo wa ló sì ń kanra mọ́.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé orílẹ̀-èdè tí ẹ ń gbé lọ́hùn-ún tóbi, èdè ibẹ̀ ò lóǹkà. Mo fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin láti etí òkun títí dé orí òkè, èmi nìkan. Bàbá ní, "Ìwọ tí o ò parí ìwé? Wàá sọnù!" Mi ò ní sọnù o. Èdè tí mo bá ti gbọ́ díẹ̀, màá sín in jẹ.

Nítorí náà, mo yá fóònù káfíńtà àdúgbò wa, mo sì fi ohùn yín pe bàbá láti ẹ̀yìn ilé: "Àbúrò, jẹ́ kí ọmọ yẹn dá rìn, àbí o fẹ́ kí n wá bá ọ níbẹ̀?"

Mo ń yọjú wò ó lójú fèrèsé; kò tilẹ̀ wo nọ́ńbà. Ó ń tẹrí ba fún fóònù! "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Á lọ."

Lọ́jọ́ Àìkú ló máa pè yín láti dúpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sẹ́ ọ̀rọ̀ yín. Bí ẹ bá sẹ́ ẹ, màá ṣì wá.

Ọlọ́run á pa yín mọ́. Ohùn yín ò ní há, nítorí mo ṣì ń lò ó.

Odídẹrẹ́ yín