Àpótí Òògùn Tó Burú Jù Lọ

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù Kẹfà 2025

Àwọn àgbà mẹ́jọ láti ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Bè wá sí ibi iṣẹ́ wa ní Hanoukopé, ní Lomé níbí, lónìí. Gbogbo wọn ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, gbogbo wọn ló ti lo àpótí òògùn mi fún oṣù kan — yàrá méje, ọjọ́ kan fún yàrá kan. Kíákíá (bí mo ṣe ń pe Félicien ọ̀gá wa nìyẹn, inú ìwé yìí nìkan) ní kí wọ́n máa sọ èrò tó bá wá sí wọn lọ́kàn nípa bí a ṣe lè tún un ṣe, kí ẹnikẹ́ni má bu ẹnu àtẹ́ lu ti ẹnìkejì, kí èmi máa kọ ọ́, kí n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Bàbá Ezekiel, àgbà wọn, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ó dára. Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ tó ṣe é." Àwọn tó kù: bí Bàbá ṣe wí. Odindi wákàtí kan, ìwé kan ṣoṣo lára ògiri.

Inú Kíákíá dùn. Lọ́jọ́ kẹtàlá, àwọn tó ń gbówó kalẹ̀ á wá fọwọ́ sí ẹgbẹ̀rún méjì àpótí. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, iṣẹ́ mi á di iṣẹ́ gidi, pẹ̀lú ìwé kọ̀ǹtírà. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń retí ìyẹn.

Ọjọ́rú, 4

Òjò. Priscilla tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ fún mi pé: Tìmílẹ́hìn, o jẹ́ kí Bàbá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ta ló kù tó máa la ẹnu? Òótọ́ ni. Bí ẹni pé inú ilé Yorùbá kọ́ ni wọ́n ti tọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, 5

A gbìyànjú èyí tí kò ní ariwo nínú. Kálukú kọ èrò kan sórí ìwé, kò kọ orúkọ, ó gbé e fún ẹni tó jókòó tì í, onítọ̀hún á fi tirẹ̀ kún un. Priscilla bá àwọn mẹ́ta tí kò mọ̀wé kọ tiwọn. Ìwé yípo, ó padà dé ọwọ́ mi — àdúrà! Ẹnìkan kọ ọ́ pé kí Olúwa fún ọmọ yìí ní ọkọ rere. Àwọn méje tó kù ṣe Àmín sábẹ́ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Inú sì bí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7

Mo sọ fún Kíákíá pé ká yí i padà: ká má bi wọ́n ní èyí tó dára mọ́, ká ní kí wọ́n bá wa ṣe èyí tó burú jù lọ. Ó ní eré ọmọdé ni. Ó ṣáà fún mi ní wákàtí kan, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọjọ́ Àìkú, 8

Mo yà lọ́dọ̀ Màámi ní Bè lẹ́yìn ìsìn, mo kó òògùn ọ̀sẹ̀ sínú àpótí rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Tẹ́lẹ̀, àràárọ̀ ni mo máa ń gun alùpùpù zémíjàn lọ fún un lóògùn kí n tó wá síbi iṣẹ́, torí ó máa ń ṣi òògùn funfun lò fún pupa. Òun gan-an ni mo ṣe àpótí yìí fún, ní oṣù Kejì. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sùn di aago méje. Mi ò ní purọ́ fún ìwé ara mi: ó dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

Mo bẹ Bàbá Ezekiel kó jẹ́ adájọ́, kó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Mo wá ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe àpótí tí ẹ lè fún ọ̀tá yín. Madame Delphine, ará Atakpamé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, bú sẹ́rìn-ín. "Ah bon? Kí ìdérí rẹ̀ le, kó máa ṣẹ́ èèyàn léèékánná." Òmíràn: kó máa ró ṣàkàṣàkà nínú báàgì nígbà ìwàásù. Òmíràn: kó mọ́ gaara bíi gíláàsì, kí àlejò lè ka àìsàn rẹ lórí tábìlì. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, mò ń kọ, mò ń lẹ̀ — ìgbà tí mo lẹ ìkarùn-ún ni mo tó rí i pé àpótí tèmi ni wọ́n ń ṣe. Ìdérí líle, tèmi ni. Aláriwo, tèmi ni.

Ó kan Bàbá. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Kí ọmọ máa kó òògùn sí i lọ́jọ́ Ìsinmi, kó má sì yọjú mọ́ títí di Ìsinmi míì. Tẹ́lẹ̀, Àníkẹ́ ọmọ mi máa ń dúró tì mí títí mo fi máa gbé e mì. A máa ń sọ̀rọ̀. Àpótí yìí kì í sọ̀rọ̀."

Mo pín ẹ̀wà, hóró mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi dìbò fún èyí tó burú jù. Mẹ́tàdínlógún nínú mẹ́rìnlélógún ló bọ́ sórí ìwé Bàbá. Kíákíá ní àgbà ni wọ́n tún tẹ̀ lé. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 11

Mo dé ọ̀dọ̀ Màámi ní Bè ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, láìsọ fún un. Àpótí wà lórí firíìjì. Òògùn Ajé wà níbẹ̀. Ti Ìṣẹ́gun wà níbẹ̀. Ó ní òun gbàgbé ni. Mo ní, Màámi, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń bá a lófìfo. Ó ń tún ìró rẹ̀ ró, kò wojú mi. Ó wá sọ ọ́: lálaalẹ́ Sátidé ló máa ń da gbogbo rẹ̀ sínú ike ìdọ̀tí. "Tí o bá wà ńbí, mo máa ń rántí. Tí o ò bá sí, mo máa ń ní, tó bá yá. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò dáa, ọmọ mi. O ti jìyà lórí ẹ̀."

Mo pariwo mọ́ ìyá mi. Lẹ́yìn náà mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí.

Mo mú un lọ sí dìsìpáńsà. "Dix-neuf, onze," ni nọ́ọ̀sì wí, mọ́kàndínlógún lórí mọ́kànlá: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru gan-an. Ó ní ká máa dúpẹ́ pé a tètè wá.

Ọjọ́bọ̀, 12

Mo fún Màámi lóògùn, mo dúró tì í. Mo sọ fún Kíákíá. Ó ní ká sọ pé a máa tún ìdérí ṣe, ká jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i ná. Ó ní ìyá mi nìkan kọ́ ló ń ṣàìsàn ní Lomé. Èèyàn burúkú kọ́ o — owó oṣù àwa mẹ́ta ló wà lọ́rùn rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 13

Wọ́n wá, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Wọ́n yin àpótí. Obìnrin náà ti mú bíró jáde kí n tó dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ — ọ̀rọ̀ Bàbá, ẹ̀wà, ike ìdọ̀tí Màámi. Kíákíá ń wo ilẹ̀. Obìnrin náà dé bíró rẹ̀ padà. Kò bínú. Ó kàn béèrè, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́: láti ìgbà tí àpótí ti dé, ta wá ló ń fún ìyá rẹ lóògùn?

Mo ní kò sí. Láti oṣù Kejì títí di ọ̀sẹ̀ yìí, kò sí ẹnì kankan.