Èso Pupa Ẹnu Ọ̀nà Wa

Sábó Gàrí, Kánò
Oṣù Kẹfà, 1958

Ìyá mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú òjò o. Tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ṣé ẹ rántí igi òdòdó tí bàbá Ṣọlá wú wá láti ọgbà òyìnbó ní kọ́tásì réluwéè, tó gbìn sẹ́nu ọ̀nà wa? Ó ní ẹwà lásán ló wà fún. Omi ìwẹ̀ ni mo ń dà sí i láti ọdún mẹ́ta wá. Ìyá, ó ti so! Èso pupa wẹ́wẹ́ ni, ó ní ìlà lára bí elégédé. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Mo kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹyẹ ń jẹ ẹ́, bí ẹ ti máa ń ṣe lóko, kí n tó tọ́ ọ wò. Ṣọlá tu tirẹ̀ dànù, ó ń pariwo, “Akwai tsami!” Ó kan lóòótọ́. Háúsá ló kù lẹ́nu ọmọ yẹn báyìí. Bàbá rẹ̀ ni kì í gbà fún un tẹ́lẹ̀.

Mo fi ṣúgà sè é títí ó fi ki bí oyin. Mo fi ìgò kan rán Màtílídà ìjọ wa sí yín. Ìgò kejì wà lórí àpótí, ti bàbá Ṣọlá ni. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i.

Ẹ béèrè ìdí tí bàbá Ṣọlá kì í fi kọ̀wé. Iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ le, ó ń jẹun dáadáa, ó ní kí n kí yín.

Ẹ bá mi kí Olújìmí àbúrò mi. Bí bàbá Ṣọlá bá sì gba ọ̀dọ̀ yín kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un pé igi rẹ̀ ti so.

Èmi ọmọ yín,
Éfílìn