Ẹsẹ̀ Bàlúù Ló Kán, Kì í Ṣe Ọwọ́ Mi

                                        Williamsville, Adjamé,
                                        Abidjan,
                                        Côte d'Ivoire.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi Sàfúrátù, ọmọ ìyá mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́? Orúnkún tó ń dun Màmá ńkọ́? Ṣé àwọn ọmọ ti padà sílé ìwé? Èmi náà wà láàyè, ara mi sì le. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́, torí wọ́n ní fídíò bàlúù náà ti dé orí fóònù yín.

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo fi bàlúù kékeré tí mò ń wà gbé nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Lydie àti ọkọ rẹ̀ láti Bouaké. Bí táyà ṣe kan ilẹ̀ l'Abidjan, bóòtù, irin tó de ẹsẹ̀ òsì mọ́ ara bàlúù, já, ẹsẹ̀ náà sì ká sábẹ́. Apá òsì ń ha ilẹ̀ ọlọ́dà, bàlúù ń fà wá lọ sí kòtò. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo tẹ bíréèkì ọ̀tún mọ́lẹ̀ gírígírí títí a fi dúró sínú koríko. Lydie nìkan ló forí gbá dígí.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá iléeṣẹ́ bàlúù wa, Mùsíọ̀ Moïse, gbé ìwé kan síwájú mi pé èmi ni mo balẹ̀ lọ́nà líle tí ẹsẹ̀ bàlúù fi kán.

"Mọ́síùrá, sáà fọwọ́ sí i. Oṣù mẹ́ta péré ni wàá fi jókòó sílé."

Èmi tí mo ti kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mejì pé bóòtù yẹn ti dípẹtà! Mo ní, "Ọ̀gá, mi ò ní fọwọ́ sí irọ́. Ẹ lé mi tó bá wù yín."

Ó lé mi lóòótọ́.

Mi ò sunkún. Mo kó ẹ̀dà ìwé mi lọ bá àwọn tó ń wádìí ìjàǹbá, Lydie sì tẹ̀ lé mi pẹ̀lú báńdéèjì lórí. Wọ́n ti ṣa bóòtù náà lórí pápá: ìdajì ojú ibi tó ti kán ti pupa fún ìpẹtà tipẹ́tipẹ́. Wọ́n ní òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Tèmi kò kùtà o. Àná ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé awakọ̀ kò jẹ̀bi.

Ni Mùsíọ̀ Moïse bá pè mí pé kí n padà. Mo ní àyàfi tí wọ́n bá tú ẹsẹ̀ gbogbo bàlúù wọn yẹ̀ wò lójú mi. Ó ní, "D'accord, a ti gbọ́."

Mo mọ̀ pé Màmá á ní kí n wá tajà nílé. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má tan wọ́n jẹ: lundi, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, mo máa fò.

Ẹ kí Bàbá Àrìmíyàù àti gbogbo ọmọ.

Èmi ni àbúrò yín tí kò gbà fún wọn,
Mọ́síùrá.