Alájà Ànísátù Àbẹ̀kẹ́ Ògúntádé, Ìyá Tí Wọ́n Fura sí Àkàrà Òyìnbó Rẹ̀

Ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí Màmá wa ní oṣù kẹta ọdún 1956, sínú ìdílé Mùhàmmádù, oníṣòwò obì, àti Fàtímà aya wọn. Ilé kéwú ni wọ́n lọ, wọ́n sì mọ Kùránì dáadáa. Ní 1975, wọ́n fẹ́ Alájì Gàníyù Ògúntádé, oníṣòwò aṣọ, tó mú wọn wá sí àdúgbò Lazaret ní Niamey, ilẹ̀ Niger níbí.

Ní 1984, Màmá ń dáná fún tọkọtaya kan láti ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì ní Yúróòpù, ní àdúgbò Plateau ní Niamey. Ìyàwó ilé náà, Màdáàmù Mílada, ló kọ́ wọn ní bábófúkà, àkàrà òyìnbó aláwọ̀ méjì tí wọ́n ń yan nínú páànù oníhò láàárín. Apá kan funfun, apá kejì dúdú nítorí kòkó. Màdáàmù kìlọ̀ pé bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i kó tó jinná, yóò wó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọyẹ́ ìlú yìí, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ dé. Nítorí náà, bí Màmá bá fẹ́ ṣe é nílé, wọn a tìlẹ̀kùn mọ́rí.

Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní àwọn òyìnbó a máa da ọtí sí tiwọn, pé kí ló ń fi ilẹ̀kùn títì pamọ́ bí kì í bá ṣe ọtí? Níbi ìsọmọlórúkọ, àwọn kan á fẹ̀rín gbà á, wọn á sì rọra tì í sábẹ́ àga. A mọ̀ wọ́n. Ẹlòmíràn nínú wọn ń ka ìwé ìrántí yìí lọ́wọ́. Bàbá wa pàápàá kì í jẹ ẹ́ láìkọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀.

Màmá lọ Mẹ́kà ní 2005, wọ́n sì darí àwọn ìyá alásàlátù Lazaret. Ìyẹn náà ò pa àwọn aláhesọ lẹ́nu mọ́. Ẹnu ayé lẹbọ.

Ní 2011, Ìdrìsù ará àdúgbò Banifandou fẹ́ fẹ́ Màríámọ̀, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Màmá bí. Ìyá Ìdrìsù, Alájà Zàlìhà, ránṣẹ́ pé ọmọ òun kò ní gbéyàwó nílé ọlọ́tí. Inú bí wa gidigidi. Màmá kò bínú. Wọ́n pe Alájà wọ ilé ìdáná, wọ́n sì ti àwọn méjèèjì mọ́bẹ̀, wọ́n wá po bábófúkà níṣojú rẹ̀. Alájà gbóòórùn bọ́tà, ó tọ́ wàrà wò, ó yẹ abẹ́ ìkòkò wò, kò rí nǹkan kan. Ìgbéyàwó wáyé. Síbẹ̀, Alájà kò fẹnu kan bábófúkà níbẹ̀, ó ní bóyá torí òun ni wọ́n ṣe gbé ọtí pamọ́.

Màmá fi ọmọ mẹ́ta sáyé lọ: Jùnáídù, Màríámọ̀ àti Yunus, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mọ́kànlá.

Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, Alájà Zàlìhà ń gbé ògì wá láràárọ̀ láti Banifandou. Ìfura loògùn àgbà: àwa ọmọ kọ́kọ́ ń gbóòórùn rẹ̀, a sì ń tọ́ ọ wò. Màmá rí wa lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí a gbé e wá. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ Alájà ni wọ́n ti ń mu ún, títí wọ́n fi dákẹ́. Omi ń dà lójú Alájà. Ojú ń ti àwa náà. Màmá kò bi í léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ rí.

Àbẹ̀kẹ́, ẹ sùn ire. Àlùjánnà onídẹ̀ra ni ilé yín.