Sìpàgẹ́tì Àwọn Ará Japan Tí Mo Sè Nítorí Bàbá Rẹ

Idigny

Ọmọ mi Fẹ́milọ́lá,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé Kutọnu ń tọ́jú rẹ? Ṣé òjò kò wọ inú yàrá rẹ mọ́? Àwa níbí, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ kò dùn mí tó ti tẹ́lẹ̀, bàbá rẹ ń lọ sóko, ó sì ń bọ̀. Ọlọ́run tó dá ọ sí láti kékeré kò ní fi ọ́ sílẹ̀ nígbà tí o dàgbà tán, o ò ní ṣìnà, o ò ní ṣubú, aṣebi kò ní mọ ilé rẹ. Àmín.

Má bínú pé n kò fi ohùn ránṣẹ́ nínú pọ́tábù, fóònù mi. Ọ̀rọ̀ yìí gùn, ọ̀nà Kutọnu sì jìn, n kò mọ iye ẹni tí yóò gbọ́ ohùn mi lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mo kúkú kọ ọ́ bí wọ́n ti kọ́ wa ní kíláàsì àwọn àgbà, Euloge awakọ̀ tó ń kó àgbàdo wá sí Kutọnu ni yóò mú un wá. Fún un lómi mu. Àgbàdo ṣe dáadáa lọ́dún yìí. Ewúrẹ́ rẹ bí ìbejì, ọ̀kan dúdú, èkejì kò tíì mọ àwọ̀ tó fẹ́.

Jẹ́ kí n dé orí ohun tó mú mi jókòó. O ní o ti rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì, pé o fẹ́ máa dín sìpàgẹ́tì bí àwọn ará Japan ti ń dín in, kí o máa tà á fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. O sì ní o ò ní tan iná níbẹ̀ àfi bí bàbá rẹ bá gbàdúrà sí i. Inú mi dùn pé o ṣì mọ ibi tí àdúrà wà. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ yarí kanlẹ̀. Ó ní ọmọ oníṣu kì í ta okùn fún èèyàn jẹ, ó ní ojú wo ni òun yóò fi wo àwọn ẹgbẹ́ òun ní Kétu. Onílé ṣọ́ọ̀bù sì ti ní òun kò ní dúró dè ọ́ kọjá ìparí oṣù. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Mo wá rò ó pé ẹni tí kò tíì tọ́ nǹkan wò ló ń bá a jà, n óò sè é.

Fídíò tí o fi ránṣẹ́ dé. Ọkùnrin inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, mo kí i kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó tẹrí ba fún mi, ilé rere ló ti jáde. Àmọ́ ó yára jù. O ní oúnjẹ kíákíá ni, mo gbà, ṣùgbọ́n èmi ṣì ń gé alùbọ́sà, òun ti gé tirẹ̀ tán, ó ti gé kárọ́ọ̀tì, ó ti gé ewé ṣúù tí àwọn kan ń pè ní kábéèjì, adìyẹ ti wà nínú epo. Mo ní kó dúró dè mí, kò dúró. Ni mo bá tẹ ojú pọ́tábù bí o ti kọ́ mi, ó dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà lókè, lórí iná gbígbóná! Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣé èèyàn lè fi àlejò sílẹ̀ báyẹn kó máa wá igi ìdáná kiri? Mo sáré títí òógùn bò mí, nítorí n kò fẹ́ kí apá ro ó. Nígbà tí mo tún tẹ̀ ẹ́, kò tilẹ̀ ráhùn.

Omi dúdú tó dà sí i, mo bi Solange tó ń ta èlò ọbẹ̀ lọ́jà Kétu, ó ní ẹ̀wà ni wọ́n bò mọ́lẹ̀ títí ó fi di omi. Mo ní ìyẹn àti irú tiwa, ọmọ ìyá ni wọ́n. Mo ra ìgò kékeré kan, mo sì fi irú díẹ̀ kún un kí ó lè mọ̀ pé Idigny ni òun wà. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé nígbà tí ọkùnrin náà bù ú tán, ó wọ́n nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lé e, nǹkan náà sì ń mira, ó ń jó lórí oúnjẹ. O ní ẹja gbígbẹ ni. Ọmọ mi, ẹja tó gbẹ tó ṣì ń jó kò tíì kú tán. Ẹja gbígbẹ tiwa ni mo gún sí i, èyí tí kì í mira. Mo tún rí i pé igi méjì ni ọkùnrin náà fi ń jẹun. Ó ní láti jẹ́ pé àwọn ọmọ rẹ̀ ti sọ gbogbo àmúga fọ́ṣẹ́ẹ̀tì ilé nù. Bí o bá rí ọ̀nà, bá mi fi méjì ránṣẹ́ sí i.

Bàbá rẹ ti oko dé, ó gbọ́ òórùn, ó bi mí ohun tí mo sè, mo sì sọ ọ́. Ó ní òun kò ní fi ẹnu kàn án, kí n gún iyán. Mo ní ó dára. Ṣùgbọ́n o mọ agboolé wa, oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò sè níbẹ̀ rí, ọ̀dọ̀ àgbà ilé ni àwo àkọ́kọ́ ń lọ. Mo ti ní kí Ràhámọ̀tù aládùúgbò wa gbé àwo ńlá lọ fún Bàbá Lábọ̀dé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. N kò sì gbàgbé pé ìrọ̀lẹ́ ni bàbá rẹ máa ń lọ kí i.

Ìdí àwo náà ni bàbá rẹ ti bá a. Bàbá Lábọ̀dé ní kó fọ ọwọ́, kó wá bá òun jẹun. Ẹ̀gbọ́n pe àbúrò sídìí àwo, ta ni yóò ní òun yó? Bàbá rẹ fọ ọwọ́. Ràhámọ̀tù tó dúró de àwo ló rò ó fún mi. Ó ní bàbá rẹ mú díẹ̀, ó tún mú, ó tún fà á. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ó tán, Bàbá Lábọ̀dé ní oúnjẹ yìí mọ̀ pé òun kò léyín mọ́, ó ní ta ló sè é. Bàbá rẹ ní iṣẹ́ ọmọ òun ni. Ọmọ òun, Fẹ́milọ́lá! Èmi tí èéfín ta lójú, kò dárúkọ mi rárá. Òótọ́ ni wọ́n wí, bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Ó padà wálé, ó wo iyán tí mo gún, ó ní ebi kò fi bẹ́ẹ̀ pa òun. Mo yíjú sí ògiri kí n lè rẹ́rìn-ín tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Bí ọwọ́ rẹ bá gbà á, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún mi, n óò fi ra oògùn ẹsẹ̀ àti bàtà òjò fún bàbá rẹ. Ṣùgbọ́n má fi sínú pọ́tábù mọ́. Èyí tí o fi síbẹ̀ lóṣù tó kọjá, mo gbọn pọ́tábù títí, n kò rí i. Ọkùnrin inú kíósì pọ́tábù ló ṣàánú mi tó yọ owó fún mi láti inú àpótí tirẹ̀. Mo fún un níṣu, mo sì ṣàdúrà fún un, ṣùgbọ́n bí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, a óò sọ ọmọ ọlọ́mọ di onígbèsè. Euloge ni kí o fún.

Bí mo ti ń kọ èyí ni bàbá rẹ wá dúró lẹ́yìn mi. Ó ní kí n kọ ọ́ pé ata rẹ̀ kò tó, bí àwọn ará Japan bá fara dà á, kí o má rò pé ọmọ Kétu yóò fara dà á. Mo ní ṣé ìyẹn nìkan ni. Ó ṣí fìlà lórí, mo sì mọ̀ pé àdúrà ti dé, bí ó ti máa ń ṣe nìyẹn. Ó ní kí o tan iná rẹ. Ó ní ẹni tó bá jẹ lọ́wọ́ rẹ lẹ́ẹ̀kan yóò tún padà wá, yóò sì mú ẹlòmíràn dání. Ó ní ibi tí òun kò dé, ìwọ yóò dé ibẹ̀, ìwọ yóò sì rí ìjókòó. Mo ṣe àmín títí ohùn mi fi há.

Lọ gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù náà, ọmọ mi.

Èmi ìyá rẹ,
Ṣẹ̀hìndèmí