Ohùn Bàbá Rẹ Ku Ọjọ́ Méjìdínlọ́gbọ̀n

Àkọ́bí mi, ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ọ̀gá yín kì í jágbe mọ́ ọ mọ́? Èmi wà láàyè, orúnkún mi nìkan ló ń ráhùn. Ẹlẹ́dàá kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Àbúrò rẹ ti kun yàrá bàbá yín ní ọ̀dà funfun, mi ò sì tíì lè sùn níbẹ̀.

Má bínú pé o ń pè mí tí kò wọlé. Èmi ni mo pa fóònù, mo fi aṣọ wé e, mo tì í mọ́ inú àpótí. Ẹni tó tún un ṣe nígbà tó bàjẹ́ ló nu gbogbo inú rẹ̀ dànù, ohùn tí bàbá rẹ fi ránṣẹ́ sí mi láti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ kó tó di olóògbé sì bá a lọ. Nígbà tí mo bú sẹ́kún, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀dà ṣì ní in lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni wọ́n ń dúró kí wọ́n tó pa á rẹ́ pátápátá. Ṣé iṣẹ́ tìrẹ kọ́ nìyẹn, títọ́jú ẹ̀dà? Ọkàn mi balẹ̀. Mo sáré pa fóònù lọ́jọ́ kejì kí ọjọ́ má baà kà, nítorí náà méjì péré ni mo tíì ná nínú ọgbọ̀n náà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà kò ṣàjèjì sí mi. Ṣé o rántí ìwé ìwọ̀n méjì tí bàbá rẹ ní, ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù, èkejì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa? Gbogbo Sátidé ló máa ń da ti ṣọ́ọ̀bù kọ sínú ti ilé, ìwọ lo máa ń ka nọ́ńbà sí i létí. Lọ́dún tí òjò ba ti ṣọ́ọ̀bù jẹ́ lọ́jọ́ Tọ́sidé, àwọn oníbàárà tó ti wá ṣáájú Sátidé kò ní wàhálà, àwọn tó wá láti Mọ́ńdè ló ní láti wá wọn ara wọn lẹ́ẹ̀kejì. Ìyàwó oníbúrẹ́dì kọ̀ jálẹ̀, ó ní kí bàbá rẹ rán tòun bó ṣe rántí ìdí òun. Ẹ̀rín pa bàbá rẹ débi pé ó fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀. Bí ìwé ilé bá sì kún, a ya ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn dànù, ó ní kò sẹ́ni tí ìdí rẹ̀ dúró sójú kan fún ọdún mẹ́ta. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ìgbádùn là ń jẹ.

Olùkọ́ tó gba yàrá ẹ̀yìn lọ́wọ́ wa fi mí rẹ́rìn-ín lánàá. Ó ní bí mo pa fóònù bí mi ò pa á, ọjọ́ ń kà lọ níbi tí ẹ̀dà wà, pé ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n la wà yìí. Ó ní kí n fi fóònù òun pè ọ́, mo kọ̀, kí tirẹ̀ náà má baà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ òní ò tíì mọ́ tán tí mo ti mú bírò kọ lẹ́tà yìí. Awakọ̀ tó ń mú lẹ́tà yìí bọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta lòun máa fi dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n ra epo sí ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá rẹ, mi ò fẹ́ kó dípẹtà.

Jọ̀wọ́, bẹ ọ̀gá yín kó bá mi gba ohùn náà padà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá ló wà nínú ohùn náà, ó kàn ń bi mí níbi tí mo fi sísọ́ọ̀sì rẹ̀ sí ni. Bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá ti pé kí lẹ́tà yìí tó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, má kọ èsì. Máa bọ̀ nílé, dúró lẹ́nu ọ̀nà kó o tó wọlé, kó o bi mí níbi tí sísọ́ọ̀sì wà. Ohùn rẹ ti ń jọ tirẹ̀.

Ọ̀nà rẹ á là, ilé rẹ á tòrò, àwọn ọmọ rẹ á gbọ́ ohùn rẹ pẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ.